Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọmọ Mi: Ohun Tí Mo Rí Níbẹ̀

Ọmọ mi obìnrin ló jẹ́ kí n fura, nítorí kì í fẹnu kan omi láti àárọ̀ títí wọn yóò fi jáde ilé ẹ̀kọ́, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n. Mo lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn fúnra mi. Inú rẹ̀ mọ́, ọṣẹ wà níbẹ̀, ibi ìfọwọ́ kò sì ga ju ọmọdé lọ. Mo yin ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ olùkọ́ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Nínú yàrá mẹ́ta tí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n lé ní 100 ń pín, ẹyọ kan péré ni ìlẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì láti inú. Ní ti méjì tó kù, ọ̀rẹ́ ọmọ ni yóò fẹ̀yìn ti ìlẹ̀kùn láti ìta. Bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá 1 fún ọmọbìnrin 25 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn. Ká tiẹ̀ ní yàrá pọ̀ tó, kí ni yóò ṣe fún ọmọ tó ní láti nawọ́ sókè lójú gbogbo kíláàsì, tí wọ́n sì tún ní kó mú un mọ́ra di àkókò ìsinmi? Ìtọ̀ tí ọmọdé ń mú mọ́ra lójoojúmọ́ lè fa àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀, ìgbẹ́ tí kò bá sì tètè yà a máa le sí i nínú. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. N óò fi ẹ̀kẹta kún un lọ́jọ́ tí kọ́kọ́rọ́ náà bá kúrò lọ́wọ́ olùkọ́.