Káàdì àwòrán fún ètò kíláàsì jẹ́lé-ó-sinmi: ẹ rà á, àmọ́ ẹ yọ òòfà inú rẹ̀ kúrò

Kí n tiẹ̀ sọ ọ́ tààrà: páálí káàdì yìí wúlò gan-an, ẹ rà á tí apá yín bá ká a, àmọ́ ẹ má tẹ̀ lé ìwé ìlànà tó wà nínú rẹ̀.

Àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni mò ń kọ́, ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ló sì máa ń le jù. Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ fìdí kalẹ̀ ti búlọ́ọ̀kù ìṣeré, wọ́n ní kó dìde. Ó dìde, wọ́n ní kó tò. Ó tò tán, wọ́n ní kó lọ fọwọ́. Kò mọ ohun tó kàn, kò mọ ìgbà tó máa parí, ló bá bú sẹ́kún. Torí ẹkún yẹn ni mo ṣe ra páálí yìí.

Káàdì 24 tí wọ́n ya ohun kan nínú ètò ọjọ́ sí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ gígùn kan tí ẹ máa fi kọ́ ara ògiri kí ẹ lè to káàdì sí i tẹ̀ léra, àpò kékeré kan nísàlẹ̀ aṣọ náà, aago oníyanrìn mẹ́ta (oníṣẹ́jú 1, oníṣẹ́jú 3 àti oníṣẹ́jú 5), àti òòfà róbótó róbótó fún ẹni tó bá fẹ́ lẹ káàdì mọ́ pátákó onírin. Màá padà sórí òòfà yẹn.

Àpò ìsàlẹ̀ yẹn nìkan tó owó tí mo san. “Ó ti parí” ni wọ́n kọ sí i lára. Tá a bá ti palẹ̀ ìṣeré mọ́ tán, ọmọ tó bá kàn á lọ sídìí ògiri, á fa káàdì náà yọ, á sì jù ú sínú àpò. Ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni irú èyí tó máa ń wà lára bàtà ọmọdé, ó máa ń dún fàà tí wọ́n bá ń já a, gbogbo wọn ló sì fẹ́ràn ìró yẹn. Bó bá ti dún, ojú gbogbo kíláàsì á lọ sára káàdì tó kàn. Mi ò ní láti pariwo mọ́. Ọwọ́ ọmọ ni káàdì gbọ́dọ̀ wà o. Tó bá jẹ́ tíṣà ló ń já a, wọ́n kàn ń wòran lásán ni.

Ọmọkùnrin kan wà tó máa ń rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà láràárọ̀. Mo mú un lọ wo káàdì, ó fìka tọ́ èyí tó gbẹ̀yìn, tí wọ́n ya ọmọ àti òbí tó di ara wọn lọ́wọ́ mú sí. Ó ní, “Àǹtí, màámi nìyí.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń bọ̀ tá a bá já gbogbo èyí tó ṣáájú. Ẹkún ò dá lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló gbé báàgì rẹ̀ kọ́. Ní báyìí, tó bá ti rántí ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án, ìdí ògiri ló ń lọ, á lọ wo iye tó kù.

Ìwé ìlànà ní kí ẹ to gbogbo ètò ọjọ́ náà sórí aṣọ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀ kò lè di ohun púpọ̀ mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́rin ni mo fi bẹ̀rẹ̀: gbé báàgì kọ́, fọ ọwọ́, jókòó sórí ẹní, àti ti òbí tó ń bọ̀ wá múni. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo sì fi kọ́ wọn, nígbà tí kò sí ìkánjú. Èmi á kọ́kọ́ ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, ọmọ kan á ṣe é kí àwọn tó kù wò ó, lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn á wá ṣe é. Tí èyí bá ti mọ́ wọn lára ni mo máa ń fi káàdì míì kún un.

Káàdì ọwọ́ fífọ̀ ò dáa rárá. Ọwọ́ tí omi ń dà sí nìkan ni wọ́n yà síbẹ̀, kò sí ọṣẹ, ohun tí àwọn ọmọ sì rí ni wọ́n ń ṣe. Mo ya fọ́tò ibi tá a ti ń fọwọ́ gan-an, mo fi rọ́pò rẹ̀: omi, ọṣẹ, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, kí wọ́n ṣan án, kí wọ́n nù ún. Ó kéré tán, ó yẹ kí wọ́n fi ọṣẹ ra ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Aago oníṣẹ́jú 1 ti pẹ́ jù fún ìyẹn, orin kúkúrú la fi ń wọ̀n ọ́n. Mo tún rí i pé fọ́tò ohun tó wà ní kíláàsì tiwa máa ń tètè yé àwọn tó kéré jù ju àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà lọ.

Aago oníṣẹ́jú 5 ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún” kò nítumọ̀ sí ọmọ ọdún mẹ́ta, àmọ́ ó ń rí i pé yanrìn ń tán lọ. Ẹ gbé e sókè níbi tí ojú lè tó o tí ọwọ́ ò lè tó o, torí àwọn kan á pa eré tì, wọ́n á jókòó ti yanrìn.

Káàdì “lónìí yàtọ̀” náà wà níbẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rò ó. Tí òjò bá fẹ́ dí wa lọ́wọ́ àtijáde, àárọ̀ la ti máa ń fi rọ́pò káàdì eré ìta, kò ní bá ẹnikẹ́ni lójijì.

Fífi àwòrán han ọmọ bí ọjọ́ ṣe máa lọ ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ipò ọpọlọ tó lè mú kí ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe pọ̀ nira fún ọmọ. Ètò TEACCH tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà ní 1972 wà lára àwọn tó jẹ́ kó tàn kálẹ̀. Ọmọ tí kò tíì máa sọ̀rọ̀ dáadáa àti èyí tí èdè kíláàsì ò tíì yé ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù lọ́dọ̀ mi.

Ó wá ku òòfà. Ẹ má jẹ́ kó wọ kíláàsì rárá. Tí ọmọ bá gbé méjì mì, wọ́n lè fa ara wọn láti inú ìfun, kí wọ́n sì dá ìfun lu, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń yọrí sí. Ọjọ́ tí mo tú páálí ni mo ti kó tèmi kúrò ńlẹ̀. Inú bí mi pé wọ́n kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú páálí tí wọ́n ń tà fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, mo sì ti kọ̀wé sí wọn.

Ẹ gbé aṣọ náà kọ́ síbi tí ojú ọmọ ti ga mọ, kì í ṣe tiyín. Káàdì báàgì tiwa ti ń ya létí báyìí nítorí pé òun ni wọ́n ń já jù, wọn ò sì ta káàdì lẹ́yọ lẹ́yọ. Tí wọ́n bá lè máa tà á bẹ́ẹ̀, màá ra òmíràn fún kíláàsì kejì.