Ẹ ṣọ́ra: "woodcut" Charles Mingus tí kò kan pákó rí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra àwòrán àwọn eléré jáàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ dákun, ẹ rọra ná. Àwòrán Charles Mingus, àgbà ọ̀jẹ̀ tó ń ta báàsì ńlá tó sì ń kọ orin, wà lọ́jà tí wọ́n ní woodcut ni, pé àwọn gbẹ́ ẹ sára pákó, àwọn sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, tí wọ́n kọ 17/50 sí nísàlẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà kẹtàdínlógún nínú àádọ́ta. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ló tẹ àwọn kan níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí olùtajà kọ. "Woodcut style" kì í ṣe woodcut. "Giclée" náà, oyè lásán ni: tádàwà tí ẹ̀rọ fọ́n sórí bébà ni. Pósítà ò burú, kí wọ́n ṣáà pè é ní pósítà, kí wọ́n sì gba owó pósítà.

Bó bá ti dọ́wọ́ yín, ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, kí ẹ wo etí ìlà dúdú kan, bí okùn báàsì. Bó bá jẹ́ pákó ló tẹ̀ ẹ́, tádàwà á kóra jọ díẹ̀ sétí ìlà, torí bí wọ́n ṣe ń tẹ pákó mọ́ bébà ló ń tì í síbẹ̀. Bí ẹ bá rí èérún búlúù, pupa àti yẹ́lò wẹ́wẹ́ nínú dúdú, ẹ̀rọ ni. Ẹ yí bébà dojú délẹ̀, kí ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́: iṣẹ́ ọwọ́ sábà máa ń fi ojú ìlà hàn lẹ́yìn, tàbí ibi tí wọ́n ti fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á mọ́ pákó títí tó fi ń dán.

Ìbuwọ́lù pẹ́ńsù a máa kọ mànà bí ẹ bá yí i síná. Ti ẹ̀rọ kì í kọ. Bí wọ́n bá ní Mingus fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú ní 1980, ẹ kọjá lọ: ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1979 ló kú ní Cuernavaca, ní Mẹ́síkò. Ní 1978 pàápàá, àìsàn ALS ti gba agbára ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ ló ń kọrin sí.

Àwọn kan ní bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá wà lọ́rùn báàsì, ayédèrú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Pákó máa ń yí ọ̀tún sósì, agbẹ́gi tí kò bá ro ìyẹn tẹ́lẹ̀ ló ṣe é.

Èyí tó ń tú àṣírí wọn jù: ẹ wá àwòrán ọjà náà lọ́dọ̀ olùtajà méjì. Bí 17/50 àti 31/50 bá ní àbàwọ́n tádàwà kan náà lójú kan náà, tí ìlà pẹ́ńsù wọn sì bára mu láìyẹ̀ níbi kankan, fáìlì kan ni wọ́n ń tẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn bébà, kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n kọ déètì òní sí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má gbà láti fi PayPal sanwó bí owó ọ̀rẹ́ àti ẹbí. Ààbò tí wọ́n ń fún oníbàárà kò dé ibẹ̀.