Wọ́n ní wákàtí 6 àtààbọ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù: ohun tójú mi rí lọ́wọ́ àwọn tó ta tíkẹ́ẹ̀tì fún wa ní Pànṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta

Ìbéèrè kan ni mo bi ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà lọ́fíìsì wọn: "Láti Ìkẹjà dé Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mélòó?" Ó ní, "Àǹtí, wákàtí 6 àtààbọ̀ ni." Irọ́ kọ́ o. Nǹkan bí 5,000 kìlómítà ni, bàlúù tó bá lọ tààrà kì í sì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò sọ ni pé tiwa ò lọ tààrà.

Ó ku ọ̀la ká gbéra kí n tó fara balẹ̀ ka tíkẹ́ẹ̀tì. Addis Ababa, ní Ethiopia, la máa kọ́kọ́ bà sí! Mo pè é kíá. "Ẹ má bínú, Àǹtí, ojú ọ̀nà ló wà." Ojú ọ̀nà ta ni? Àríwá ni Lọ́ńdọ̀nù wà sí wa, ìlà-oòrùn ni Addis. Ẹni tó fẹ́ ti Kútọ̀ lọ sí Èkó lẹ ní kó gba Ìlọrin yẹn. Nǹkan bí wákàtí 5 dé Addis, ẹ jókòó wákàtí 4, ẹ tún wọ òmíràn fún bíi wákàtí 8. Mo ro ó pọ̀, wákàtí 17, ó ti ju ìlọ́po méjì lọ. Màmá wa sì ti lé ní 70 ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sọ́mọ náà, mi ò lè kọ ọ́ síbí. "Ẹ jọ̀ọ́ mà" ló ń wí ṣáá. Ọ̀gá ẹ̀ gba fóònù, ó ní èmi ni mo ní kí wọ́n wá èyí tó gbọ̀pọ̀. Òótọ́ ni. Ṣé wọn ò wá lẹ́nu ni?

Aago 6 àárọ̀ la kúrò nílé. Ọ̀nà Sango-Ọ̀tà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: kò tó 100 kìlómítà, ó gbà wá ní wákàtí 3 ó lé.

Ní pápákọ̀, mo ṣì ń ro bí Màmá ṣe máa rìn, ni òṣìṣẹ́ kan bá pe orúkọ wọn, ó ti àga onítáyà bọ̀. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin yẹn ló ti kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí ó rí bí wọ́n ṣe ń di ògiri mú gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wọn lọ́jọ́ tá a lọ sanwó. Ní Addis, àga ti ń dúró. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àga ti ń dúró. Wọ́n tì wọ́n kọjá gbogbo àwọn tó tò níbi tí wọ́n ti ń yẹ ìwé ìrìnnà wò, èmi náà sì rọ́ tẹ̀ lé wọn.

Aago Addis fi wákàtí 2 ṣáájú tiwa. Màmá kọ̀, wọn ò yí aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní aago Ẹ̀gbá làwọn ń lò. Ó sì gbè wọ́n, torí oṣù keje ni, aago Lọ́ńdọ̀nù àti tiwa ò yàtọ̀. Níbi tá a jókòó sí lóru yẹn ni fóònù mi ti dún. Ọmọ Pànṣẹ́kẹ́ náà ni: "Àǹtí, ṣé Màmá ti jẹun?" Ojú tì mí.

Máàkì mi: 4 nínú 5. Mo yọ 1 torí "ojú ọ̀nà ló wà."