Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú péènì tó ń wọn pH omi

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: kílórínì, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ewé tòmátì mi ń pọ́n. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lókè ló ń pọ́n, àmọ́ iṣan ara rẹ̀ ṣì dúdú minimini bí ẹni fi gègé yà á. Alaalẹ́ ni mò ń pọn omi ẹ̀rọ sínú garawa, tí mò ń ṣí i sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí kílórínì lè bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò yí nǹkan kan padà. Ìgbà tí mo ra péènì yìí, tó ń wọn pH (bí omi ṣe kan tó; bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe kéré sí ni omi ń kan sí), ni mo tó mọ̀ pé ẹni tí kò jẹ mí lówó ni mò ń sìn lówó.

Péènì náà ò ju ìka méjì lọ ní fífẹ̀. Bátìrì róbótó bíi ti aago ló ń lò, gíláàsì kékeré kan bí ẹyin aláǹgbá sì wà nídìí rẹ̀. Òun ló ń tọ́ omi wò. Àpò ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ méjì bá a wá, tí pH wọn jẹ́ 4.01 àti 6.86, tí a ó pò mọ́ omi tí kò ní iyọ̀ kankan nínú, ká fi tọ́ péènì náà sọ́nà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìgò ásíìdì kékeré kan wà níbẹ̀, wọ́n sì fi péènì TDS (èyí tó ń sọ bí ohun tó yọ́ sínú omi ṣe pọ̀ tó) ṣe ènì.

Mo ki péènì bọ omi ẹ̀rọ: 8.1. Mo kì í bọ omi tó ti sùn nínú garawa: 8.2! Sísùn tó sùn, ńṣe ló tún gòkè. Carbon dioxide tó ń mú omi kan díẹ̀ ló ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Omi tó wà láàárín 6 sí 7 ló sì bá ọ̀pọ̀ ewéko inú ilẹ̀ lára mu. Bí ilẹ̀ bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, irin (iron) tó jẹ́ oúnjẹ ewéko nínú rẹ̀ á di ohun tí gbòǹgbò ò lè fà mu, ewé á máa pọ́n, iṣan á sì dúdú. Ẹ má fojú kéré àlàfo yẹn o. Ìṣísẹ̀ kan lórí pH, ìlọ́po 10 ni. Omi 6 kan ju omi 8 lọ ní ìlọ́po 100.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Mo kọ́kọ́ fi ásíìdì sọ omi di 6.3, inú mi dùn, mo wá da ajílẹ̀ sí i. Nígbà tí mo tún wọ̀n ọ́n, 5.6! Ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń mú omi kan. Látìgbà náà, ajílẹ̀ ló ń ṣáájú, ásíìdì ló ń kẹ́yìn. Sírínjì ni mo fi ń fà á, ìdajì mílílítà lẹ́ẹ̀kan sínú omi lítà 10, màá rò ó, màá dúró díẹ̀, màá wọ̀n ọ́n. Ó sábà máa ń gbà tó mílílítà 3. Inú omi là ń da ásíìdì sí o, a kì í da omi lé ásíìdì lórí, ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Bó bá di ọjọ́ kejì, omi náà á tún ti rìn gòkè díẹ̀, nítorí ohun tó ń lẹ̀ funfun mọ́ ìdí kẹ́tù wà nínú omi mi dáadáa, kì í sì í gbà fún ásíìdì bọ̀rọ̀. Èyí tí màá lò lọ́jọ́ náà nìkan ni mo ń pò.

Ẹ̀sùn mi wá rèé. Bébà ìlànà tó bá a wá ò sọ ọ́ rárá pé gíláàsì yẹn ò gbọdọ̀ gbẹ. Èmi tí mo fẹ́ràn ìmọ́tótó, mo ń nù ún gbẹ fínífíní kí n tó dé e. Nígbà tó di oṣù kejì, ohun gbogbo di 7.0 lójú rẹ̀. Mo kì í bọ fínígà, 7.0! Fínígà tó ń ta léyín! Mo ra omi oníyọ̀ tí wọ́n ń ta fún títọ́jú irú péènì bẹ́ẹ̀, mo rẹ ẹ́ síbẹ̀ mọ́jú, ó sì tún jí, àmọ́ kò yára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní báyìí, ẹ̀kán omi náà kì í kúrò nínú ìdérí rẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo sì ń fi 4.01 àti 6.86 dán an wò.

Ní ti ènì yẹn, péènì TDS, ẹ má torí rẹ̀ rajà. Bí iná ṣe ń gba inú omi kọjá ló ń wọ̀n; kò mọ̀ bóyá iyọ̀ ni tàbí ajílẹ̀. Omi kan náà, tèmi pè é ní 310, ti ọ̀rẹ́ mi pè é ní 434. A fẹ́rẹ̀ẹ́ jà kó tó yé wa pé 0.5 ni tèmi fi ń sọ ìwọ̀n iná yẹn di púpọ̀, 0.7 ni tirẹ̀.

Ẹni tí wọ́n bá ń fi chloramine (apakòkòrò bíi kílórínì, àmọ́ tí kì í tètè bá afẹ́fẹ́ lọ) sí omi rẹ̀, ṣíṣí garawa sílẹ̀ ò ní ràn án lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun fítámì C ín-ń-tín ló ń pa á.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ewé tuntun yọ tutù yọ̀yọ̀. Àwọn tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ ò padà, mo já wọn dànù. Bó bá jẹ́ ìkòkò òdòdó méjì péré lẹ ní, ìgò ẹ̀kán tó ń yí àwọ̀ omi padà láti fi pH rẹ̀ hàn ti tó yín. Èmi á tún péènì rà. Mo fún un ní 4 nínú 5. Bébà ìlànà yẹn ló jẹ máàkì kan tó kù.