Àyẹ̀wò Ìrìn Àjò Nínú Ọkọ̀ Narrowboat: Láti Kánààlì Hanwell Dé Teddington

Ẹni tó bá fẹ́ yá ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní narrowboat, tó sì ní i lọ́kàn láti ti orí kánààlì Grand Union bọ́ sínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fẹ́ sanwó fún. Lórí kánààlì, wọn yóò gbé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́ kó máa tù ú fúnra rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Teddington, níbi tí omi òkun ti ń kún tó sì ń fà nínú Thames, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ayálọ́kọ̀ kì í jẹ́ kí oníbàárà dá lọ. Ilé iṣẹ́ tí a lò fi ọ̀gákọ̀ tiwọn sínú ọkọ̀ ní Brentford, owó rẹ̀ sì wà nínú àdéhùn.

Ọkọ̀ náà dára. Ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó gbẹ́ kánààlì àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà ní nǹkan bí igba ọdún ó lé sẹ́yìn ṣe dín ìbú àwọn lock wọn kù, ìyẹn àwọn àpótí omi onílẹ̀kùn tó ń gbé ọkọ̀ gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀ láti ìpele omi kan sí èkejì. Ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn gbọọrọ, bí ẹnì kan bá sì fẹ́ kọjá, èkejì ní láti fẹ̀gbẹ́ kan dúró. Ìdí ọkọ̀ ni atukọ̀ máa ń dúró sí pẹ̀lú irin ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́: tó bá tì í sí òsì, ọ̀tún ni iwájú ọkọ̀ yóò kọrí sí, kò sì ní yára dáhùn, tó fi jẹ́ pé kí a tó dé kọ́nà ló ti yẹ ká bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Máìlì 4 ní wákàtí kan ni òfin gbà láyè, ìyẹn sì tó, nítorí ẹni tó bá sáré jù ń fi ìgbì bo bèbè, ó sì ń mi ọkọ̀ àwọn tó so tiwọn mọ́lẹ̀.

Ní Hanwell, lock 6 ló tẹ̀lé ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwòsàn àtijọ́, wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. A ó wọ inú rẹ̀, a ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ó fi irin ìyípo ṣí ihò omi tó wà lára ilẹ̀kùn iwájú, omi yóò sì máa fà títí ọkọ̀ yóò fi bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Níbí ni mo ti ní ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ náà. Okúta kan yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn òkè, ìyẹn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí a tì. Bí ìdí ọkọ̀ bá wà lórí rẹ̀ nígbà tí omi ń fà, ìdí á há sókè, iwájú á máa rì, omi sì lè kún inú ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lè gba ẹ̀mí yìí, gbólóhùn kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ wọn fi sọ ọ́, bó ṣe ń kó kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́. Ìlà funfun tó yẹ kó fi ibẹ̀ hàn lára ògiri sì lè ti ṣá tàbí kí ewédò bò ó.

Lórí Thames, mi ò rí àléébù kankan. Wọ́n ti bá àwọn olùtọ́jú Thames Lock ní Brentford sọ̀rọ̀ ṣáájú, nítorí pé àwọn wákàtí tó yí ìgbà tí omi bá kún jù ká nìkan ni wọ́n máa ń ṣí i. Kí ọ̀gákọ̀ tó gbéra, ó yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó so ìdákọ̀ró sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o, ó wọ ẹ̀wù amúniléfòó fún gbogbo wa, ó sì ti ilẹ̀kùn iwájú pa. Ìsàlẹ̀ narrowboat tẹ́ pẹrẹsẹ, omi tó dúró jẹ́ẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, bí ẹ́ńjìnnì bá sì kú lórí odò bẹ́ẹ̀, ìṣàn omi ni yóò máa darí rẹ̀. Bí a ti yọ sórí odò ni omi gbá wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ó ti tẹ iná sí i ṣáájú, ọkọ̀ sì yí kọjú sí òkè odò. Omi òkun tó ń kún ló bá wa ti ọkọ̀ lọ, pẹ̀lú ọgbà Kew lọ́wọ́ òsì àti Syon lọ́wọ́ ọ̀tún. Nígbà tí a dé Richmond, wọ́n ti gbé àwọn ilẹ̀kùn irin ìdènà omi tí wọ́n ṣí ní 1894 sókè, a sì gba abẹ́ wọn kọjá.

Teddington ni agbára omi òkun pin sí, ibẹ̀ náà ni odò ti bọ́ sábẹ́ Environment Agency, àjọ ìjọba tó ń bójú tó o, tó fi jẹ́ pé ìwé àṣẹ tí a fi ń rìn lórí kánààlì àjọ Canal & River Trust nìkan kò tó mọ́. Ilé iṣẹ́ náà ti san ti méjèèjì. Mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti lò wọ́n, ṣùgbọ́n kí ó ní kí òṣìṣẹ́ wọn bá òun kọjá nínú lock àkọ́kọ́ kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kó sì fi ọwọ́ tọ́ka sí okúta náà.