Kíníìkì ọmọdé kan l'Ókè-Ìléwó, ẹ̀yin tọ́mọ yín ti ṣe Kasai (iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tí ọ̀nà òróòro ẹ̀ dí) ẹ wá gbọ́

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi ojú ẹ̀ yẹ́lò, níbi tí mo bímọ sí wọ́n ní kí n máa gbé e sóòrùn àárọ̀, a gbé e sóòrùn títí, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ọ̀sẹ̀ méje kọjá, ìyá ọkọ mi ló wá sọ pé "Ìyàwó mi, ìgbẹ́ ọmọ yìí mà funfun bí ẹfun," ìtọ̀ ẹ̀ sì dúdú bíi tíì. Ni aládùúgbò wa kan bá júwe kíníìkì yìí. Dókítà ní kí n ṣí pámpàsì, ó wo ìgbẹ́ yẹn, kò fi ṣeré rárá, ọjọ́ náà gan-an ló ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ó ní kì í ṣe àròpọ̀ bilirubin (ohun tó ń mú ojú yẹ́lò) nìkan o, kí wọ́n wo direct ẹ̀ náà, ìyẹn èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Biliary atresia ni. Ọ̀nà tí òróòro ń gbà kúrò nínú ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun ló ti dí, òróòro wá dúró síbẹ̀ ó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ó pe tíṣíǹ hósípítù lórí fóònù lójú mi, wọ́n sì ṣe Kasai fún un nígbà tó pé ọjọ́ 68. Ṣáájú ọjọ́ 60 ló dáa jù. Ọjọ́ mẹ́jọ yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Morio Kasai, dókítà ará Japan, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ yìí ní bíi 1950 sókè, wọ́n á gé ọ̀nà tó ti kú yẹn dànù, wọ́n á fa ìfun kékeré wá lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀dọ̀ kí òróòro lè máa kán sínú ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ fún tiwa, ojú ẹ̀ mọ́, àmọ́ ibà ò yé wá, nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́rìnlá ikùn ti wú, ẹ̀dọ̀ ti le gbagidi.

Ẹnìkan wá ní ká tún Kasai náà ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Dókítà wa l'Ókè-Ìléwó ló jókòó tì wá bíi wákàtí kan, ó ní "Màmá, Dádì, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí inú ọmọ, inú á máa lẹ̀ mọ́ra, bí wọ́n bá tún un ṣe báyìí, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ á le ju bó ṣe yẹ lọ." Ó ní Kasai àkọ́kọ́ ò ṣòfò, òun ló jẹ́ kọ́mọ dàgbà kó wúwo díẹ̀, àmọ́ ẹ̀dọ̀ tuntun ló kù báyìí.

Íńdíà la lọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè ni ìwé iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́: ọjọ́ wo, báwo ni wọ́n ṣe fa ìfun yẹn. Dókítà wa ti ní ká fótókọ́pì gbogbo ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀ ní tíṣíǹ, ó sì wà nínú fáìlì tí wọ́n tò kalẹ̀ fún wa. Àwọn oníṣẹ́ abẹ sọ fún wa pé àtibó ìfun kúrò lára ẹ̀dọ̀ àtijọ́ yẹn nìkan gbà wọ́n ní wákàtí tó pọ̀, torí ó lẹ̀ pinpin, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kí ìfun má lu. Ṣùgbọ́n ìfun tí wọ́n fà fún Kasai yẹn náà ni wọ́n so mọ́ ẹ̀dọ̀ tuntun, wọn ò tún wá òmíràn gé. Ọkọ mi ló fún un ní díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ tiẹ̀, tiẹ̀ sì ti hù padà.

Ọmọ ti pé ọdún mẹ́ta, ó ń sáré káàkiri ilé. Kíníìkì yìí náà la ti ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ láti mọ̀ bóyá tacrolimus, oògùn tí kì í jẹ́ kí ara kọ ẹ̀dọ̀ tuntun, ò pọ̀ jù tàbí kéré jù, nọ́ọ̀sì tó ń gbà á, ọwọ́ ẹ̀ rọ̀, ìgbà kan ṣoṣo ló máa ń gún un.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ga fún ìyá tó gbé ọmọ aláìsàn, wọn ò ní POS, ẹni tó wà níwájú sì máa ń jágbe mọ́ èèyàn, mo ti sọ fún dókítà, kò tíì yàtọ̀.

Túsìdé àti Tọ́sìdé ni dókítà máa ń wà. Ẹ dé ṣáájú aago mẹ́jọ, ẹ mú owó lọ́wọ́, ẹ má sì ju pámpàsì tó nígbẹ̀ẹ́ dànù, ẹ gbé e wá bẹ́ẹ̀.