Àwọn oní-kírèènì tó bá mi gbé ọkọ̀ ojú omi kúrò lórí yanrìn Odò Ògùn

Tí omi bá gbé ọkọ̀ ojú omi yín jù sórí ilẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ má lọ pe àwọn tó ń wọ́ mọ́tò tó bàjẹ́ lójú títì. Oní-kírèènì tó ti gbé irú ẹ̀ rí ni kí ẹ wá. Àwọn tí mo lò, lọ́nà Láfẹ́nwá, mọṣẹ́ wọn dáadáa. Ẹnu wọn nídìí owó ni kò dáa, aago kò sì jọ wọ́n lójú. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn.

Ọkọ̀ fáíbà ni, ẹlẹ́ńjìnnì kan, tí mo fi ń gbé àwọn tó wá jẹ ẹja yíyan lọ́dọ̀ mi lọ gba atẹ́gùn lójú omi. Ẹni tó bá mọ Odò Ògùn mọ̀ pé kò dìgbà tí òjò bá rọ̀ ní Abẹ́òkúta kó tó kún. Láti ọ̀nà Ṣakí ló ti ń bọ̀, Odò Òyán náà sì ń dà sínú rẹ̀. Ojú ọ̀run lè mọ́ kedere lọ́dọ̀ wa, kí omi sì gun bèbè lóru. Bó ṣe ṣe nìyẹn lóṣù kẹwàá. Okùn já, omi gbé ọkọ̀ lọ. Ìsàlẹ̀ odò, níbi tí àwọn oníyanrìn ń kó yanrìn jọ sí de típà, ló ti lọ gúnlẹ̀. Nígbà tí omi fà, ọkọ̀ jókòó síbẹ̀, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ikùn rẹ̀ rì sínú yanrìn.

Ta ni yóò gbé e? Àríyànjiyàn yìí gbà wá lákòókò ju gbígbé rẹ̀ lọ. Bàbá onílẹ̀ ní kí n san owó ilẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Alága àwọn oníyanrìn ní ọ̀nà típà lòun ń wò ní tòun, bí kò bá kúrò, àwọn á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń fojú sí ẹ́ńjìnnì lára. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá ní kí n fi í sílẹ̀, pé ìjọba ló ni odò, ìjọba ni yóò palẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Amòfin kan tó máa ń jẹun lọ́dọ̀ mi ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní lójú òkun, àdéhùn kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Nairobi lọ́dún 2007, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2015, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ọkọ̀ ni yóò gbé e, yálà ó rì ni o, tàbí ó gúnlẹ̀. Bí kò bá gbé e láàárín àkókò tí wọ́n dá fún un, ìjọba lè gbé e kí wọ́n sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ tó bá tó 300 tọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ọ̀rànsì nítorí ẹ̀. Tèmi kò sún mọ́ ìyẹn rárá, odò sì ni tiwa. Lórí odò, iṣẹ́ kíkó àwókù ọkọ̀ àti ìdíwọ́ kúrò lójú omi wà lọ́wọ́ NIWA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ojú omi abẹ́lé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti dá a ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 pé ìjọba àpapọ̀ ló láṣẹ lórí ojú omi abẹ́lé, kì í ṣe ìpínlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ní kí wọ́n bá yín gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ nínú gbogbo wọn," ló wí. Ó ní bàbá onílẹ̀ kò lè gbẹ́sẹ̀ lé e kó ní ó ti di tòun. Owó ohun tí ọkọ̀ bá bà jẹ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀ ló lè bèèrè.

Onítípà kan ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó fi ṣéènì kọ́ imú ọkọ̀, ó tẹná mọ́tò. Òrùka irin tó wà nímú ọkọ̀ ya dànù pẹ̀lú fáíbà tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ọkọ̀ kò mira.

Ìgbà tí àwọn oní-kírèènì dé, ọ̀gá wọn kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ kírèènì. Ó bọ́ bàtà, ó ń fẹsẹ̀ tẹ yanrìn yí ọkọ̀ ká. Ó ní, "Mọ̀mí, kì í ṣe pé ó wúwo. Yanrìn tútù ló fà á mu." Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, wọ́n fa bẹntiróò inú táǹkì sínú kẹ́ẹ̀gì kó má baà dà sódò, wọ́n gbọ́n omi tó wà nínú ọkọ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé pọ́ńpù kékeré sétí odò, wọ́n ń fi rọ́bà ti omi sábẹ́ ikùn ọkọ̀. Mo ní ṣé orí wọn pé: ohun tó rì sínú yanrìn tútù ni ẹ tún ń bomi sí? Ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń wọlé ni yanrìn ń yòrò bí ògì tí wọ́n bu omi sí, ihò sì ń ṣí lábẹ́. Ihò yẹn ni wọ́n gbà ti bẹ́líìtì fífẹ̀ kọjá níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n ká àpò ìrẹsì síbi tó ti máa ha ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Wọ́n tẹ́ pákó nípọnnípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ kírèènì kóun náà má baà rì. Gbígbé gan-an kò pẹ́. Yanrìn dún fọ̀ọ̀ọ̀, ó tú u sílẹ̀, ọkọ̀ ti wà lókè, omi ń ro lára rẹ̀. Kò ní ojú ọgbẹ́ kankan yàtọ̀ sí ti onítípà.

Ẹ wá gbọ́ ti owó. Iye tí wọ́n pè lórí fóònù kọ́ ni mo bá létí odò. Pákó ní owó tirẹ̀, pọ́ńpù ní tirẹ̀, "ti àwọn ọmọ àdúgbò" tún wà lọ́tọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo ránṣẹ́ pè wọ́n wá wòran. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la jọ fẹnu kò sí. Oòrùn ti kanrí kí wọ́n tó yọ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Láfẹ́nwá ni wọ́n dẹ́bi fún. Rìsíìtì pàápàá, àfi ìgbà tí mo ní n kò ní san ìyókù ni wọ́n tó wá bébà.

Síbẹ̀, èmi á tún pè wọ́n. Kí ẹ ti bá onílẹ̀ parí ọ̀rọ̀ kí kírèènì tó dé, nítorí wọn kì í dá sí ìyẹn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ka gbogbo owó pọ̀ fún yín kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn kì í gba iṣẹ́ nígbà tí omi bá ṣì ń kún, n kò sì bá wọn wí. Wọn kì í tún fáíbà ṣe o. Ẹlòmíràn lẹ máa wá fún ìyẹn.